Ìwé Máìlì Wolé-wolé

Mo ti yí ayé ká ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ, ibi tó sì jìnnà jù tí mo tíì dé ni Àtàkpàmé ní Tógò. Kì í ṣe àlọ́. Bí èèyàn bá ta okùn yí ilé ayé ká níbi tó ti sanra jù, okùn náà á gùn ní 40,075 kìlómítà. Èmi ti fi alùpùpù méjì rin 186,420 kìlómítà, láti oṣù kẹta ọdún 2005 tí mo ra àkọ́kọ́ títí di Sátidé tó kọjá. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé àjákọ mẹ́ta ló wà nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Òjò Ṣakí ti rin èkíní lọ́dún 2008 débi pé bíírò rẹ̀ ti ṣàn wọ ara wọn. Ọjọ́ ló wà níbẹ̀, ibi tí mo ti gbéra, ibi tí mo dé, ohun tí mítà sọ nígbà tí mo ń lọ, ohun tó sọ nígbà tí mo sọ̀, iye epo, iye owó. Kò sí ìtàn kankan nínú rẹ̀. Ìyàwó mi ṣí i lọ́jọ́ kan, ó wò ó títí, ó ní, “Bàbá Dámi, ta ló fẹ́ san owó rẹ̀ fún yín?”

Kò mọ̀ bí ìbéèrè náà ṣe bá a mu tó. Ẹni tí mo ti kọ́ àṣà yìí, wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un.

Wolé-wolé ni bàbá mi. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níléèwé kò mọ ohun tó ń jẹ́ wolé-wolé mọ́, àfi kí n ṣàlàyé: ọkùnrin tó wọ kákí, tó ń wọ ilé onílé láìkan ìlẹ̀kùn, tó ń ṣí ìdérí àmù wò bóyá tanwíji wà nínú omi, tó ń yọjú wo ṣáláńgá, tó sì lè tìtorí omi àná gbé baálé ilé lọ sí kóòtù. Ìṣẹ́yìn ni ìjọba gbé e sí fún ọdún púpọ̀, àwọn abúlé agbègbè ibẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Owó Údójì ló fi ra Honda rẹ̀ ní 1975, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba ẹ̀kún owó oṣù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí rédíò àti alùpùpù gbòde. Òṣìṣẹ́ tó bá fi ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba, ìjọba á san owó máìlì fún un. Nítorí náà ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á yọ bíírò, á ní, “Lọ wo mítà wá fún mi.” Orí ìka ẹsẹ̀ ni mo máa ń dúró kí n tó lè rí i. Nọ́ńbà funfun márùn-ún ló wà lórí dúdú, ìkẹfà pupa. Bí mo bá ka pupa mọ́ ọn, á ní kí n padà lọ kà á.

Kìlómítà kò wọ inú ìwé rẹ̀ rí. Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, a sì ti ń fi máìlì àti gálọ́ọ̀nù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mítà Honda yẹn, máìlì ló ń kà, bàbá mi náà sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ibì kan jìnnà lóòótọ́, mo ní láti yí i padà sí máìlì nínú ọkàn mi ná.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kí máìlì tó dé: ibùsọ̀. Àwọn kan ń fi í pe máìlì, àwọn mìíràn ń fi í pe kìlómítà, èyí tó jẹ́ kí n gbà pé kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ibi tí alárù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Ẹni tó ru èlùbọ́ àti ẹni tó ru òkúta ọlọ, ibùsọ̀ wọn kò lè dọ́gba, ibùsọ̀ orí òkè kò sì lè gùn tó ti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọrùn ló ń wọn ọ̀nà nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà wù mí, ṣùgbọ́n mi ò lè lò ó nínú ìwé mi. Níbo ni mi ò tíì sọ̀ sí?

Mítà kò mọ̀ nípa ọrùn. Nínú họ́ọ̀bù táyà iwájú ni jíà kékeré kan wà tó ń bá táyà yí. Òun ló ń lọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba inú rọ́bà dúdú gòkè lọ sínú aago, tó ń ti àwọn nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tó mọ̀ kò ju iye ìgbà tí táyà yí. Bí ẹ bá fi táyà tó ga ju ti ilé iṣẹ́ lọ sí iwájú, á jí yín ní máìlì jẹ. Bí ẹ bá fi èyí tó kéré sí i, á bù kún un fún yín. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kì í tilẹ̀ jẹ́ kí wáyà yẹn pẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ra ọkọ̀ ni wọ́n á ti yọ ọ́, kí ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á, mítà á ṣì wà ní ẹgbẹ̀rún méjì, tí ẹ́ńjìnnì sì ti ń hu bí arúgbó tí òtútù mú.

Tèmi fúnra rẹ̀ ló já, lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dún 2017. Mẹkáníìkì mi ní kò sí ojúlówó lọ́jà, kí n ní sùúrù. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń béèrè. Nígbà tó sú u, ó ní, “Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi máìlì ṣe gan-an? Ṣé òun ló ń gbé yín lọ ni?” Oṣù méjì àti ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi rìn láìní òǹkà. Láàárín rẹ̀ ni mo gba Ìmẹ̀kọ lọ sí Kétu, ìrìn tó dùn mọ́ mi jù lọ́dún yẹn. Mo lè fi epo ṣírò rẹ̀, nítorí pé lítà kan máa ń gbé mi tó 50 kìlómítà bí mi ò bá sáré. Mi ò ṣe é. Àyè òfìfo ló wà níbẹ̀ títí di òní, pẹ̀lú àmì ìbéèrè kan ṣoṣo. Torí náà, ẹ má gba 186,420 yẹn gbọ́ pátápátá. Ó dín.

Jincheng ni mo kọ́kọ́ ní, èyí tó ń mu ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo. 71,306 ló wà lórí rẹ̀ nígbà tí mo tà á ní 2013, tí mo fi ra Bajaj. Aago Bajaj náà kò ju nọ́ńbà márùn-ún lọ, yàtọ̀ sí kékeré ìkẹyìn yẹn, bó bá ti dé 99,999 ó di dandan kó padà sí òdo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ní 2022 ni mo fi ń ṣọ́ ọ. Mo ti pinnu pé màá dúró, màá pa ẹ́ńjìnnì, màá fi ọwọ́ tì í bí ó bá ku díẹ̀, kí n lè fi ojú ara mi rí i nígbà tí gbogbo nọ́ńbà bá yí pọ̀. Ó bọ́ sí àárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. 99,998. 99,999. Mo ti ń wá ibi tí màá yà sí nígbà tí tírélà kan yẹ kòtò, tó gbé gbogbo ara rẹ̀ sí iwájú mi. Inú koríko ni mo bá ara mi, ní ìdúró, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo tún gbéra, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò ronú nǹkan kan mọ́ àfi omi tútù. Nígbà tí mo dúró lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta á, mo wo mítà, mo rí 00002. Mo bú tírélà yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Nàìjíríà ṣe rí láti ogún ọdún wá, ó lè ka ìlà owó epo nìkan nínú àwọn ìwé yẹn. Náírà 65 ni lítà kan ní ìparí 2011. Ọjọ́ kìíní ọdún 2012 ìjọba kéde 141. Ìlú dàrú, wọ́n dá a padà sí 97. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016 ó di 145. Láti ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, ojú ewé kan wà tó mọ́ lóló, torí pé a ti ilé mọ́ra nítorí Kòrónà. Lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ epo lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye náà lé ní 500, láti ìgbà náà sì ni ìlà kìlómítà ti ń kúrú. Mi ò kọ̀wé ìtàn, ṣùgbọ́n bíírò ń ṣe tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọmọ kékeré ni mí nínú iṣẹ́ yìí. Emilio Scotto, ará Argentina, fi Honda Gold Wing kan ṣoṣo rin 735,000 kìlómítà láàárín 1985 sí 1995. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Iron Butt, tí wọ́n máa ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí bó bá gun alùpùpù ní máìlì 1,000 láàárín wákàtí 24. Ìyẹn tó bí Èkó sí Maiduguri láìsùn. Kí ló ń lé wọn? Mo bọ̀wọ̀ fún Theresa Wallach àti Florence Blenkiron jù wọ́n lọ, àwọn obìnrin méjì tó gbéra ní London ní ìparí 1934 lórí Panther kan tí wọ́n so kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ àti tírélà kékeré mọ́, tí wọ́n la Sàhárà já, tí wọ́n gba Kánò kọjá, tí wọ́n sì dé Cape Town ní oṣù keje ọdún 1935. Ní 2022 ni Kúnlé Adéyanjú náà fi alùpùpù gbéra ní London, tó gúnlẹ̀ sí Èkó lẹ́yìn ọjọ́ 41, kí àwọn èèyàn lè dáwó láti fòpin sí rọpárọsẹ̀. Ọjọ́ tó wọlé, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo lọ nu Bajaj mi.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, Ọlábísí Àjàlá nìkan ni Yorùbá sọ di ọ̀rọ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló gùn láti Chicago dé Los Angeles ní 1952. Lẹ́yìn náà ló gbé Vespa, alùpùpù kékeré tí àwọn obìnrin ń gùn lọ ọjà nílùú òyìnbó, tó sì fi ń kiri orílẹ̀-èdè. Ó kọ ìwé kan nípa rẹ̀ ní 1963. Lónìí, ọmọ tí kì í gbélé, Àjàlá ni ìyá rẹ̀ ń pè é, kódà kí ìyá náà má mọ̀ pé èèyàn ló jẹ́ orúkọ yẹn rí. Mi ò tíì pàdé ẹni tó béèrè iye kìlómítà rẹ̀.

Àtàkpàmé ọ̀hún, 2014 ni. Mo gba Àjàṣẹ́ àti Kútọnù, mo ń ra epo nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà bí gbogbo ayé, mo sun Lomé, mo kọrí sí òkè. Bí mo ṣe ń wọ ìlú ni táyà ẹ̀yìn jò. Ọmọkùnrin tó ń lẹ̀ ẹ́ ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta tí etí mi mọ̀, bí ìgbà tí èèyàn rí imú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lójú àjèjì. Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn níbẹ̀, Ifẹ̀ náà ni wọ́n ń pe èdè wọn. Mo kí ìyá náà ní Yorùbá, ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi lésì ní tirẹ̀, a sì gbọ́ ara wa yé títí dé orí owó táyà, níbi tí kò sí ẹni tó gbọ́ ara wọn yé mọ́. Ohun tó wà nínú ìwé mi fún ọjọ́ yẹn: “Lomé–Àtàkpàmé, 161. Táyà.”

Bàbá mi kú kí n tó lè fi àwọn ìwé mi hàn án. Ìwé tirẹ̀ náà, mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà. Nígbà tí a ń tún òrùlé ilé ìyá mi ṣe ni káfíńtà sọ ọ́ kalẹ̀ láti òkè àjà, mẹ́rin, wọ́n fi okùn dì wọ́n. 1976 sí 1979. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó lọ tààrà bí igi ọgbà. “11/8/76. Ìṣẹ́yìn lọ bọ̀. Máìlì 20. Àmù 41, tanwíji 6.” Abúlé kan wà tó máa ń lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. (Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ ó rí ìdí rẹ̀.) Nígbàkigbà tó bá lọ, máìlì 20 ni.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kò dára. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìjọba mọ ohun tí ń jẹ́ owó máìlì. Máìlì mẹ́fà ń di mẹ́wàá lórí ìwé, ọ̀gá á buwọ́ lù ú torí pé tirẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n á sì ní ibi tí èèyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń jẹ. Ogún géérégé, lọ́dún mẹ́rin, láìsí pé ó lé tàbí pé ó dín? Ọkùnrin kan náà ló nà mí nítorí kọ́bọ̀ márùn-ún ṣéńjì. Mo gbé ìwé náà pamọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, mo ní kò burú, mo ní mítà.

Sátidé tó kọjá ni mo jáde láago mẹ́fà àárọ̀. Láti Mọ́níyà dé Ìṣẹ́yìn, títì ti dára báyìí, 65 kìlómítà tí kò ní kòtò tó lè dá èèyàn dúró. Mo fi òwúrọ̀ kọjá Ìjàyè, níbi tí Kúrunmi ti bá Ìbàdàn jà, níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì báyìí. Ní Ìṣẹ́yìn, mo lọ dúró gan-an níbi tí ọ́fíìsì wolé-wolé wà nígbà náà. Ẹnì kan ń tún fóònù ṣe níbẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà mítà sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi.

17.7 kìlómítà ni mo bá nígbà tí mo dé àárín abúlé. Mo dúró, mo ṣírò rẹ̀: máìlì 11. Lọ bọ̀, 22. Mo rò pé mo ṣìṣe. Mo padà dé Ìṣẹ́yìn, mo tún wá. Máìlì 11. Ẹni tí mo wá mú pé ó fi kún un, ó dín in kù ni, máìlì méjì ní ìrìn kọ̀ọ̀kan, fún ọdún mẹ́rin.

Ó lè jẹ́ pé títì ti yí padà. Ó lè jẹ́ táyà Honda. Mo ti gbé gbogbo ìyẹn yẹ̀ wò. Ìyá àgbà kan ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ ọdán. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ṣàdúrà fún mi, ó ní ọmọ ta ni mí. Mo ní ọmọ wolé-wolé ni mí, èyí tó máa ń gun Honda wá láti Ìṣẹ́yìn nígbà Údójì.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí.

“Èyí tó máa ń yọ́ wá?”

“Yọ́ wá bí i ti báwo, Mà?”

“Alùpùpù tirẹ̀ kì í dé ibí. Àwọn yòókù, láti ọ̀nà jíjìn la ti máa ń gbọ́ wọn, pà-pà-pà-pà, a ó ti da omi àmù nù kí wọ́n tó sọ̀. Bàbá rẹ, á gbé tirẹ̀ sí abẹ́ igi arère lọ́hùn-ún, á fẹsẹ̀ rìn. Kí o tó gbójú sókè, ó ti ń ṣí ìdérí.” Ó pòṣé. “Ó mú ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì.”

Mo ní kó má bínú. Ó béèrè bóyá ó ṣì wà láyé, mo ní ó ti di olóògbé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́rin márùn-ún.

“Kò gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan ṣá. Ìyẹn gan-an ló ń bí wa nínú.”

Mo béèrè igi arère. Ó ní wọ́n ti gé e tipẹ́, òpó fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo dágbére, mo tan alùpùpù mi, mo lọ wá òpó náà. Mítà fi 1.6 kìlómítà hàn mí láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà dé ìdí rẹ̀, èyí tí í ṣe máìlì kan.

Ìṣẹ́yìn ló yẹ kí n kọrí sí. Oòrùn ti ń le, mo sì ní ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ máàkì nílé. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yọ àṣíborí, mo fi kọ́ ọwọ́ alùpùpù. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mo ti fẹsẹ̀ rìn tó bẹ́ẹ̀ yẹn lórí títì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ mi, mo kà á dé bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kí ajá kan tó gbó mi, mo gbàgbé ibi tí mo dé. Mo gbọ́ ẹni tó ń gúnyán. Mo gbọ́ rédíò. Mo gbọ́ bàtà ara mi. Kò sí ẹni tó gbọ́ èmi.

Ìyá àgbà ṣì ń bó ẹ̀gúsí. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó gbójú sókè, kò sì wo ojú mi. Dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló kọ́kọ́ wò, èyí tí kò ní ìdérí.